Màmá Ní Kí Wọ́n Fi Sí Èyí Tó Le Jù

Tí màmá yìí bá tún fi ọkọ̀ kọlu ògiri lónìí, ilé ẹ̀kọ́ awakọ̀ máa ní kó máa lọ sílé pátápátá.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti forí ọkọ̀ sọ ọ́. Ìgbà tó yẹ kó tẹ búréèkì, tọ́tù tó ń mú ọkọ̀ sáré ló máa ń tẹ̀.

Ọkọ̀ oníná ni olùkọ́ gbé wá lónìí. Ó fi ìrìn rẹ̀ sí wọ́ọ́rọ́wọ́, ó fi ìdádúró rẹ̀ sí èyí tó rọ̀ jù nínú ipele mẹ́ta tó wà níwájú ọkọ̀.

Màmá nawọ́ sí ipele kẹta. "Èyí tó kẹ́yìn yìí ńkọ́?"

"Ìyẹn le, Màmá. Bí ẹ bá ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí tọ́tù, ọkọ̀ á máa dá ara rẹ̀ dúró, iná á máa padà sínú bátìrì. Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ awakọ̀ ló ń lò ó."

"Fi síbẹ̀."

"Màmá, ẹ má pa mí o. Mi ò tíì gbéyàwó!"

"Mo ní fi síbẹ̀."

Olùkọ́ fi síbẹ̀, ó di ilẹ̀kùn mú gírígírí.

Màmá bọ́ bàtà. Ó tẹ tọ́tù, ọkọ̀ lọ. Ó dẹ ẹsẹ̀ díẹ̀, ọkọ̀ yí kọ́nà láìta gìrì. Ó gbé ẹsẹ̀ tán, ọkọ̀ dúró jẹ́ẹ́ níwájú ògiri.

Ẹnu olùkọ́ ò lè padé. "Màmá, ta ló ń kọ́ yín níkọ̀kọ̀?"

Màmá bú sẹ́rìn-ín.

"Télọ̀ ni mí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń fi ẹsẹ̀ yìí wa ẹ̀rọ ìránṣọ oníná. Tẹ̀ ẹ́, á sáré; gbé e, á dúró. Ẹ̀yin awakọ̀ lẹ lọ kó pẹ́dà méjì fún mi."