Agboolé Tó Kọ̀ fún Wọn

Páù! Bẹ́ẹ̀ ni igi àjà máa ń dún láàárọ̀ ọyẹ́, tí àwọn ọmọdé á fò dìde lórí ẹní. Láti ìgbà tí Bàbá Oyèkànmí ti wà ní Kánádà, ìró yẹn kò kúrò létí rẹ̀.

Àárọ̀ yìí ni fóònù gbé ìbò ojú ọjọ́ ìlú wọn wá, èyí tí wọ́n fi ń yan irú ojú ọjọ́ tí ọ́fíìsì ojú ọjọ́ máa mú wá lọ́dún. Agboolé kọ̀ọ̀kan ló ní ìbò kan, ọwọ́ àgbà ibẹ̀ ló sì wà; òun ni àgbà tiwọn. Òjò díẹ̀, òjò púpọ̀, oòrùn pẹ̀lẹ́. Ìlà kékeré kan wà nísàlẹ̀: "A ó mú ọyẹ́ kúrò títí láé. Ẹni tó bá dákẹ́ di ọ̀sán ti gbà."

Ó pe Ìyùnadé, ọmọ àbúrò rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì ojú ọjọ́ nílé.

"Ta ló rán yín níṣẹ́ kí ẹ lé ọyẹ́ lọ?"

"Ẹ má bínú, Bàbá. Gbogbo agboolé ti gbà, ó ku tiwa. Bí ẹnì kan bá kọ̀, ọyẹ́ á tún wá la ètè wa. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú yìnyín, kí lẹ tún fẹ́ fi òtútù ṣe?"

"Òtútù ibí kì í ṣe ẹgbẹ́ ọyẹ́! Ọdún tí a bí ìyá rẹ, ọjọ́ mẹ́sàn-án la ò fi rí òkè iwájú ilé. Nídìí iná tí a ń yá ni bàbá wa ti sọ gbogbo ìtàn tí mo mọ̀. Òjò ọdún wo ló kó ẹbí jọ bẹ́ẹ̀ rí?"

"Bàbá, ẹ̀yin kọ́ lẹ máa wúkọ́."

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ léegun, nítorí òótọ́ ni. Ó pa fóònù. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú méjì kí ọ̀sán pé, ó fi ìdáhùn ránṣẹ́:

"Agboolé wa kò gbà. Kí ọyẹ́ wá. Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, èmi náà ń bọ̀ wá wúkọ́."