Ògiri Tí Kò Mọ́

Ẹsẹ̀ jíjẹrà ni wọ́n yà sórí ìwé ìpolówó náà. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ó wú, ọyún ń ṣàn láàárín ọmọ ìka rẹ̀, orúkọ oògùn egbò sì wà lábẹ́ rẹ̀ ní lẹ́tà pupa. Ó wà lára ògiri ilé ẹ̀kọ́, lára afárá, lára òpó iná, lára ilẹ̀kùn ilé búrẹ́dì. Ẹni tó ń jẹun lọ́wọ́ á rí i, á tu òkèlè dànù.

Ọkùnrin tó ń họ ọ́ kúrò fún káńsù ni àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ní Fágiri, torí pé bí onígbàjámọ̀ ṣe ń fárí ni ó ṣe ń fá ògiri. Omi, búrọ́ọ̀ṣì, ọ̀bẹ pẹlẹbẹ. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi lẹ ìwé náà á rọ̀, á kó sí i léèékánná, funfun tó ní àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́. Ó kà á sí ìdọ̀tí ògiri. Gbogbo rẹ̀ ń rí i lára. Bó bá fá a tán lónìí, á tún bá a níbẹ̀ lọ́la.

Ọ̀gá wọn, tí kò ju àkọ́bí Fágiri lọ lọ́jọ́ orí, pè wọ́n jọ.

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin bàbá. Bí ògiri àdúgbò yìí bá ti mọ́, iṣẹ́ tán nìyẹn, kí kálukú gba ilé rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mú ẹni tó ń lẹ ìríra yìí, káńsù á gbà á síṣẹ́ pátápátá."

"Ká má tíì mú un o," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Òun ló ń bọ́ wa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Fágiri kò rẹ́rìn-ín.

Alágbàfọ̀ ni ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ìbejì. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń jáde, ó ní òun ń lọ gba aṣọ lọ́wọ́ oníbàárà. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ bá fi máa dé, kì í sí aṣọ lórí okùn mọ́, ìkòkò sítáàṣì nìkan ni yóò ṣẹ́kù lẹ́yìnkùlé.

"Bí ògiri bá mọ́, ṣé wọ́n á lé yín lóòótọ́, Bàbá Ìbejì?"

"Wọn ò ní lé èmi. Èmi ni n ó mú ọ̀bàyéjẹ́ yẹn."

Ó bu ọbẹ̀ fún un. "Ibo lẹ fẹ́ fá lọ́la?"

"Afárá."

Lọ́jọ́ kẹta, ìwé náà bo pátákó tó ń sọ fún awakọ̀ pé àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ń sọdá. Ọlọ́kadà kan kò mọ̀, ó gbá ọmọdébìnrin kan, egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Fágiri wà nínú àwọn tó gbé e. Ó dé ilé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ lápá aṣọ, ó sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Abọ́ bọ́ lọ́wọ́ Ìyá Ìbejì.

"Ọmọ náà ò kú?"

"Kò kú. Ẹni tó lẹ ìwé yẹn ni ìbá kú."

Láti ọjọ́ náà, ìwé tún kún gbogbo ògiri, ṣùgbọ́n kò sí ẹyọ kan lára pátákó náà.

"Ìkà náà ní ojú àánú díẹ̀," ni Fágiri wí, ó sì tutọ́.

Wọ́n pinnu pé àwọn yóò lúgọ sẹ́yìn ilé búrẹ́dì ní àfẹ̀mọ́júmọ́. Ọ̀gá ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ síta. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni Fágiri sọ ọ́ fún. Wọ́n lúgọ títí oòrùn fi là, ẹnikẹ́ni kò yọjú. Ọ̀gá ní kí wọ́n lọ sinmi sílé, kí wọ́n padà lọ́sàn-án.

Ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé kó lè fọ ẹsẹ̀.

Aláǹtakùn ti ta òwú yí okùn aṣọ ká láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun, kò sí aṣọ ẹnikẹ́ni nínú ọpọ́n ìfọṣọ, Ìyá Ìbejì sì kúnlẹ̀ ti ìkòkò, ó ń po búlúù aṣọ mọ́ sítáàṣì bó ṣe mọ́ ọn lára, títí ó fi ní àwọ̀ aró fẹ́ẹ́rẹ́, òkìtì ìwé ẹsẹ̀ jíjẹrà sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ̀.