Àwàdà Tí Tibila Yìnbọn Sí

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìbọn ṣọ́lé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí dé ààbọ̀ kí ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ kà á tán, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ fẹ́ràn.

1.

Ìgbà ọyẹ́ ni àwọn olè alálùpùpù wọ abúlé tó múlé gbe Tanzugu, ní ilẹ̀ àwọn Mossi. Wọ́n kó màlúù mọ́kànlá, wọ́n sì pa ẹni tó ń dà wọ́n. Láti ọjọ́ náà ni oorun ti dá lójú Tibila ní Tanzugu. Bí ewúrẹ́ bá fara nu ògiri lásán, àyà rẹ̀ á já.

Àwọn ọkùnrin Tanzugu dá ẹgbẹ́ ẹ̀ṣọ́ sílẹ̀, Tibila sì wọ̀ ọ́. Wọ́n fún un ní fèrè. Òun fúnra rẹ̀ lọ gba ṣakabùlà lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ. Baba Yamba, olórí ẹgbẹ́, ṣe òfin kan ṣoṣo fún wọn:

"Bí ẹ bá rí ẹni tí ẹ fura sí, ẹ kọ́kọ́ fọn fèrè. Kí ẹni mẹ́ta fojú rí i. Kí ẹ bi í pé ta ni."

"Baba, kí n tó bi í tán, ṣé kò ní í ti pa mí?" Tibila bèèrè.

Àwọn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Baba Yamba kò rẹ́rìn-ín. "Tibila, ìbọn kì í gbọ́ 'ẹ jọ̀ọ́, mo ṣèèṣì.'"

2.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí Tibila fi okùn so ọkùnrin kan mọ́ igi.

"Kí lo wá ṣe níbí? Ta ló rán ọ?"

"Kẹ́tùlù ni mò ń lẹ̀! Ẹ wo àpò mi!"

Inú oòrùn ló wà títí àwọn obìnrin fi ti odò dé, tí wọ́n dá a mọ̀. Òun ló ń bá wọn lẹ kẹ́tùlù lọ́dọọdún. Tibila tú u sílẹ̀, kò bẹ̀ ẹ́.

Talato ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó sì jókòó.

"Bàbá Awa, ẹ̀rù àwọn olè ń bà mí. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tiyín ń bà mí jù ú lọ."

"Dákẹ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá dé, wàá dúpẹ́ lọ́wọ́ ìbọn yìí."

Láti ọjọ́ kejì ló ti ń gbé ìbọn lọ sóko, pẹ̀lú ẹ̀tù nínú rẹ̀. Ẹ̀yin òǹkàwé mi, ẹ ò rí i? Ẹ̀rù ti di baálé ilé náà.

3.

Mossi àti Samo, ọ̀rẹ́ àwàdà ni wọ́n láti ayé bàbáńlá wọn. Samo á wọ ilé Mossi lọ́sàn-án gangan, á gbé adìyẹ, á ní ẹrú òun ni Mossi náà, pé òun ló ni gbogbo ohun tó ní. Mossi á pè é ní ajẹ-orí-ajá. Ẹnì kan kì í bínú. Ẹni tó bá bínú ló jẹ̀bi.

Bakary jẹ́ Samo láti òdìkejì odò. Láti ayé bàbá Tibila ló ti ń "jalè" nílé náà lẹ́yìn ìkórè. Lọ́sàn-án ọjọ́ yìí, eruku ọyẹ́ pọ̀, ó sì fi láwàní bo ojú àti imú. Ó bá Talato nídìí odó. Ó lọ tú àgbò lórí ìso.

"Ìyá Awa, ẹrú mi dà? Sọ fún un pé olówó rẹ̀ ti wá gba àgbò rẹ̀."

Talato ju ọmọ odó sílẹ̀, ó di ìwo àgbò mú. "Ajẹ-orí-ajá! Fi àgbò mi sílẹ̀! Ṣé ajá ti tán nílé yín ni?"

"Ajá wà. Ẹni tó máa sè é ni kò sí. Ìwọ gan-an ni n óò mú lọ!"

Wọ́n ń fà á lọ, wọ́n ń fà á bọ̀. Talato ń kígbe, ẹ̀rín sì ti tẹ̀ ẹ́ lórí ba.

Tibila ń ti oko bọ̀. Ó gbọ́ igbe. Ó yọjú lórí ògiri, ó rí ọkùnrin tó bojú, ó rí okùn, ó rí ẹ̀yìn ìyàwó rẹ̀. Ó gbọ́ "ajẹ-orí-ajá" ketekete. Ọmọ ọdún mẹ́rin ní Tanzugu tó bá gbọ́ ọ, á mọ̀ pé Samo ló dé, á sì sáré wá wòran. Tibila náà gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti yá ju etí rẹ̀ lọ. Fèrè wà lọ́rùn rẹ̀, kò fọn ọ́n.

Ó yìnbọn.

Ọta ṣakabùlà kì í ṣe ẹyọ kan. Ó máa ń tú ká bí ìgbà tí èèyàn bá fọ́n ọkà fún adìyẹ ni. Ó ba Bakary lápá. Ó ba Talato lẹ́yìn.

Bakary fa láwàní kúrò lójú. "Tibila! Èmi ni! Èmi Bakary ni!"

Tibila fo ògiri, ó gbé Talato sí itan. Talato wò ó.

"Bakary ni," ó ní. "Ẹ ò rí i pé Bakary ni?"

Kò sọ̀rọ̀ mọ́.

4.

Bí Mossi bá kú, àwọn Samo a máa wá dá yẹ̀yẹ́ sílẹ̀ níbi ìsìnkú. Wọn á sùn sínú sàréè, wọn á ní àwọn ló ni ín, títí ẹni tó ń sunkún á fi rẹ́rìn-ín.

Wọ́n wá sin Talato. Àwọn mẹ́rìndínlógún. Bakary ló ṣáájú, wọ́n fi aṣọ gbé ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn. Wọ́n dúró létí sàréè. Gbogbo èèyàn ń retí. Bakary la ẹnu. Ó pa á dé.

Tibila wà láàárín ọlọ́pàá méjì tó wá mú un. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku.

"Bakary, ẹrú rẹ ni mí. Bú mi. Jọ̀ọ́, bú mi."

Kò sí ẹni tó bú u. Àwọn Samo yí padà, wọ́n gba ọ̀nà odò lọ.

Ẹ̀yin ará, olè wà lóòótọ́, ẹ ṣọ́ ìlú yín. Ṣùgbọ́n ẹ fọn fèrè. Ẹ ké sí ara yín. Ẹ bèèrè orúkọ. Ẹni tí àyà rẹ̀ bá ń já, ẹ gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ ọ̀rẹ́ yín, bó tilẹ̀ jẹ́ ẹ̀yin fúnra yín. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fi ipá mú ní í le koko.