Yàrá Tí Ó Tì De Jésù

Ẹ̀yin ará, ẹ má fi ìtàn yìí sílẹ̀ lágbedeméjì. Ẹ kà á títí dé ìlà tó kẹ́yìn, torí ọpẹ́ wà níbẹ̀.

1.
Alágbàfọ̀ kan wà tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ìyá Jésù-ń-bọ̀. Bí o bá kí i pé ẹ káàárọ̀, "Jésù ń bọ̀" ni yóò fi dá ọ lóhùn. Bí o bá béèrè ìgbà tí aṣọ rẹ máa gbẹ, ìdáhùn kan náà ni. Kì í ṣe ẹ̀tàn o. Opó ni, kò bímọ, ó sì fẹ́ràn Olúwa dénú.

Yàrá méjì ló ní. Aṣọ oníbàárà kún ọ̀kan dé ẹnu, àárín wọn ló ń sùn sí. Ó ti èkejì pa de Jésù. Ó tẹ́ bẹ́ẹ̀dì síbẹ̀, ó fi sítáàṣì sí aṣọ funfun orí rẹ̀, ó lọ̀ ọ́ títí ó fi le gbagidi.

2.
Ọ̀sán ọjọ́ kan ni àbúrò rẹ̀ obìnrin dé, ó pọn ọmọ ọwọ́, ó gbé àpò aṣọ dání. Onílé ti lé e jáde.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká wà ní yàrá yẹn títí màá fi ríbi gbà."

"Yàrá Olúwa? Kí Jésù dé, kó wá bá ìlédìí lórí bẹ́ẹ̀dì?"

"Jésù náà ṣe ọmọ ọwọ́ rí, ẹ̀gbọ́n mi."

"Má kọ́ mi ní Bíbélì."

Abẹ́ páànù tó ti ń fọṣọ lẹ́yìnkùlé ló ní kí wọ́n máa sùn. Ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ. Kò pẹ́ tí ọmọ bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, nígbà tó yá, kò lè mí dáadáa mọ́. Ìyá rẹ̀ gbé e lọ sí ọsípítù láìbá ẹnikẹ́ni jà.

3.
Ìyá Jésù-ń-bọ̀ ṣí yàrá rẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Olúwa, máa bọ̀ kíákíá." Àdúrà náà kò lọ mọ́. Ó wo bẹ́ẹ̀dì tó gbẹ, tó mọ́, tí kò sẹ́ni lórí rẹ̀. Ó rántí pé Olúwa ti sọ ọ́ tipẹ́: ohun tí a bá ṣe sí àlejò tó kéré jù, Òun la ṣe é sí. Jésù tó ń retí ti wá bá a lọ́sàn-án gangan, òun fúnra rẹ̀ ló sì ní kó lọ sùn nínú omi ọṣẹ.

Ó sáré dé ọsípítù, ó kúnlẹ̀ níwájú àbúrò rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dìde. Àwọn èèyàn ń wò wá."

"Jẹ́ kí wọ́n máa wò. Dárí jì mí. Mo ti ṣí yàrá náà sílẹ̀, ẹ máa bọ̀ nílé."

"Tí ọmọ mi ò bá yè ńkọ́?"

Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó ń gbàdúrà fún ọmọ náà.

Ọlọ́run ṣàánú, ọmọ náà yè. Títí di òní, bí òtútù bá mú, àyà rẹ̀ a máa dún, Ìyá Jésù-ń-bọ̀ a sì máa sunkún. Àmọ́ ọpẹ́ ló pọ̀ jù. Ilé tó dákẹ́ rọ́rọ́ tẹ́lẹ̀ ti kún fún orin àti ariwo ọmọ. Ó ṣì ń retí Jésù, ayọ̀ ló sì fi ń retí rẹ̀ báyìí.

Ìwọ tó ń ka èyí, ṣọ́ra. Má torí Jésù tó ń bọ̀ ti ilẹ̀kùn mọ́ Jésù tó ti dé ẹnu ọ̀nà. Ṣí i fún un lónìí, ọkàn rẹ yóò kún. Alágbàfọ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ mọ ohun tí àwọn àgbà wí: èèyàn boni lára ju aṣọ lọ.