Ìwé Jẹ́nótáìpù Dókítà Ùsáínì

Houston, 1994. Ìgbà tí lẹ́tà ṣì ń pẹ́ lọ́nà ká tó gbúròó ilé.

Dókítà Ùsáínì ti ilẹ̀kùn lábù, ó rọra sún mọ́ Làdíátù tó ń bá a yẹ ẹ̀jẹ̀ wò.

"Aunty mi, ẹ jọ̀ọ́. Lẹ́mọ́mù ní àwọn ò ní so yìgì lọ́jọ́ Sátidé láìrí ìwé jẹ́nótáìpù. Ẹ bá mi kọ AA."

Làdíátù wo èsì tó wà níwájú rẹ̀. AS ni. Mutmainah tí Dókítà fẹ́ fẹ́, AS lòun náà.

"Dókítà, ṣebí àrùn fòníkú-fọ̀ladìde yìí náà lẹ̀ ń ṣèwádìí ẹ̀?"

"Ìwádìí lọ̀tọ̀, ìfẹ́ lọ̀tọ̀!" Ó bú sẹ́rìn-ín. "Wọ́n ti bá mi kọ irú ẹ̀ rí n'Íbàdàn. Kò séwu."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Ohun tó yẹ ni màá kọ."

Lọ́jọ́ Jímọ̀, Làdíátù fúnra rẹ̀ wa ọkọ̀ lọ sí Stafford, ìlú kan lẹ́bàá Houston. Ó fi ìwé náà lé bàbá Mutmainah lọ́wọ́.

AS gàdàgbà.

Ní Mọ́ńdè, Ùsáínì já wọ lábù bí ìjì.

"Aunty, ẹ ti bayé mi jẹ́! Kí ni mo fi ṣe yín?"

 Làdíátù yọ fọ́tò kan nínú pọ́ọ̀sì rẹ̀: ọmọkùnrin kékeré kan tí ọwọ́ rẹ̀ wú.

Ùsáínì tẹjú mọ́ ọn. "Zakariyya..."

"Àbúrò mi tí mo fi sílẹ̀ n'Íbàdàn ló bí i fún ẹ. Nígbà tí fòníkú-fọ̀ladìde pa á, o ò tiẹ̀ dúró sin ín."

Ó dá fọ́tò padà sí pọ́ọ̀sì.

"Ọdún mẹ́ta ni mo fi ń pè ẹ́ ní sà níbí, tí mò ń dúró dọjọ́ tí wàá tún fẹ́yàwó."