Ẹ̀rọ Tó Júwe Ilé Màríàm

Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, ẹ̀yin tí ẹ̀rọ ń bá dá oníbàárà lóhùn. Bí ẹ̀rù bá bà yín, ẹ má dúró láàárín ọ̀nà.

1.
Oyèníkẹ́ ló ń bá àwọn onílé gba ayálégbé ní Ifákò-Ìjàyè. Ìpè kì í jẹ́ kó jẹun gbádùn, ló bá ní kí Daniel, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, bá òun wá ẹ̀rọ AI tí yóò máa dá àwọn oníbàárà lóhùn.

"Áàpù tó ń ti ọ̀rọ̀ pa ni kó o gbé e sí, kí ẹnikẹ́ni má já ọ̀rọ̀ wa gbọ́ lójú ọ̀nà."

"Ó dáa, mà. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká kọ nọ́ńbà àwọn tó lè dá lóhùn sílẹ̀."

"Ṣebí a ti tì í pa? Sọ fún un kó máa bọ̀wọ̀ fún ẹbí ayálégbé. Mi ò fẹ́ kí bàbá ọlọ́mọ kankan sọ pé mo rí òun fín."

Ó rò pé òun gbọ́n ju Daniel lọ.

2.
Màríàm, ọ̀kan nínú àwọn ayálégbé Oyèníkẹ́, sá fún ọkọ tó ń lù ú, òun àti Nusrat, ọmọ ọdún mẹ́rin.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kó má mọ ibi tí mo wà. Ó ní òun á gbé ọmọ lọ síbi tí ojú mi ò ní tó o mọ́."

Oyèníkẹ́ ṣèlérí, àmọ́ kò sọ ọ́ fún ẹ̀rọ náà. Nígbà tí páìpù Màríàm bẹ́ láàárọ̀ Ọjọ́rú kan, Màríàm kọ ọ́ sí ẹ̀rọ náà pé òun wà níbi iṣẹ́ ní Ìlúpéjú, kọ́kọ́rọ́ àti Nusrat wà lọ́dọ̀ Ìyá Láídé, aládùúgbò òun.

3.
Lọ́sàn-án Ọjọ́rú náà, Oyèníkẹ́ ṣí áàpù náà, ó rí ohun tí ọkùnrin kan ti kọ sí ẹ̀rọ náà, àti èsì tí ẹ̀rọ fún un:

"Bàbá Nusrat ni mí. Mo fẹ́ wá kí wọn, ilé ló rú mi lójú."

"Ẹ káàsán, sà. Ilé aláwọ̀ ewé ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí ni. Ìyá Nusrat wà níbi iṣẹ́, ọmọ wà lọ́dọ̀ Ìyá Láídé. Ẹ máa bọ̀ o."

Wákàtí méjì ti kọjá lórí èsì náà. Oyèníkẹ́ wọ kẹ̀kẹ́ lọ síbẹ̀. Ìyá Láídé ń ká aṣọ.

"Nusrat dà?"

"Bàbá ẹ̀ ti mú un. Ọmọ náà fúnra ẹ̀ ló pè é ní Dádì."

Ilẹ̀ ni Màríàm bá Oyèníkẹ́ nígbà tó dé. "Ẹ̀gbọ́n, ta lẹ sọ fún?" Oyèníkẹ́ na fóònù sí i.

Wọ́n ti fi tó ọlọ́pàá létí. Òní ló pé ọjọ́ mọ́kàndínlógún tí wọ́n ti rí Nusrat gbẹ̀yìn, nọ́ńbà bàbá Nusrat kò sì lọ mọ́.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ ṣọ́ra. Áàpù tó ń ti ọ̀rọ̀ pa, ojú ọ̀nà nìkan ló ń ṣọ́. Ẹ pinnu ẹni tí ẹ̀rọ yín lè bá sọ̀rọ̀, àti ohun tí kò gbọdọ̀ sọ láéláé. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í kó ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.