Ọkọ̀ Agbépòó ní Ẹnubodè Tardley

Tuckwell ni akọ̀wé ẹnubodè Tardley, níbi tí ọkọ̀ ojú omi tó ń ti Birmingham bọ̀ ti gbọ́dọ̀ dúró kí wọ́n wọn ẹrù rẹ̀ kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn omi tó dínà odò fún un. Ó kórìíra ìdọ̀tí. Ìyàwó rẹ̀, Letitia, a máa fọ àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà wọn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, ti òjò ti oòrùn, bí ipasẹ̀ kan bá sì kù níbẹ̀, yóò tún un fọ̀.

Ní ọjọ́ Ẹtì kan nínú oṣù Kẹjọ, Tuckwell jí, kò bá a nílé. Ó ránṣẹ́ pe ọlọ́pàá.

"Inú ọkọ̀ ló sá sí," ó ní. "Kò lè rìn jìnnà. Ẹsẹ̀ ń dùn ún."

"Kí ló ṣe ẹsẹ̀ náà?"

"Ó ṣubú."

Ọlọ́pàá náà kò béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n tú ọkọ̀ eléèdú wò. Wọ́n tú ọkọ̀ tó kó àwo, méjì fọ́ níbẹ̀. Wọ́n gbé àpò ìyẹ̀fun kúrò lórí ara wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Wọn kò rí nǹkan kan.

Ọ̀sán ti pọ́n kí òórùn burúkú kan tó dé, ọkọ̀ sì tẹ̀lé e. Ọkọ̀ Keziah Hambridge ni, opó tó ń kó ìgbẹ́ ṣáláńgá Birmingham lọ fún àwọn àgbẹ̀. Keziah ń fa ẹṣin tó ń wọ́ ọkọ̀ náà létí odò, obìnrin kan sì jókòó nídìí ọkọ̀, ó ń darí rẹ̀. Ọkọ̀ náà fi imú gbá ògiri ẹnubodè.

"Ṣé ó ti mutí ni?" Tuckwell bi Keziah.

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́ ni, ọ̀gá."

"Ẹ máa lọ. Ẹ tètè máa lọ."

Ṣùgbọ́n ọlọ́pàá dá wọn dúró. "Ọ̀gá Tuckwell, bí èmi bá fẹ́ sá pa mọ́ fún yín, ibi tí ẹ ò ní fọwọ́ kàn ni màá lọ."

Tuckwell wo ẹrù náà. Eṣinṣin bò ó. Ó so aṣọ ìnujú mọ́ imú, ó mú ọ̀pá tó fi ń wọn ẹrù, ó sì tì í bọ inú ìgbẹ́ náà. Ó kan ilẹ̀ ọkọ̀. Ó fà á yọ, ó tún tì í bọ ibòmíràn, títí ó fi di ibi mẹ́fà.

"Ẹ rọra o, ọ̀gá," Keziah ní. "Ọ̀pọ̀ ẹni ńlá ló dá sí i."

Tuckwell tẹ̀ síbi omi, ó bì. Ọlọ́pàá ti wọ yàrá kékeré inú ọkọ̀ lọ ní tirẹ̀. Ibùsùn kan, sítóòfù kan, kẹ́tùlù kan. Ó yẹ abẹ́ ibùsùn wò, ó jáde.

"Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀."

Tuckwell nu ẹnu. Ìgbà náà ló rí i pé obìnrin tó wà nídìí ọkọ̀ ń wo òun láti inú fìlà ńlá tí àwọn obìnrin ọlọ́kọ̀ máa ń dé. Ìgbẹ́ ti gbẹ mọ́ ọn lẹ́rẹ̀kẹ́, ó sì bò ó lọ́wọ́ dé ìgúnpá.

"Kí lò ń wò?" ó ní. "Gbé ojú rẹ kúrò lára mi, ẹlẹ́gbin."

Obìnrin náà gbé ojú kúrò.

"Ẹ wo nǹkan tó ń pe ara rẹ̀ lóbìnrin," Tuckwell sọ fún ọlọ́pàá. Ó tutọ́, itọ́ náà bà á lórí yẹ̀rì. Obìnrin náà kò nù ún. Tuckwell fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn omi kí wọ́n lè tètè lọ, ó sì pa dà sílé lọ pọn omi tí yóò fi wẹ̀.

Nígbà tí wọ́n kọjá afárá kejì, Keziah dá ẹṣin dúró, ó gbé korobá omi kan fún obìnrin náà kí ó fi bọ́jú, ó sì bi í pé, "Letitia, ọdún mélòó lo fi bá a gbé tí kò fi mọ ojú rẹ?"